Ọjọ́ Kejì tí Wọ́n Na Kamẹrúùnù, Lójú Ọ̀nà Amalfi

Owó àjọ ló gbé wa dé Ítálì ní ọdún 1990. Àwa nọ́ọ̀sì Yorùbá tí a wà ní ìlà-oòrùn Lọ́ńdọ̀n nígbà náà ń dá àjọ lóṣooṣù, ẹni tó bá sì kó o, ilé ló ń fi í ránṣẹ́ sí: owó sìmẹ́ǹtì, owó páànù, owó ilé-ìwé àbúrò, owó òkú. Kò sẹ́ni tó ń fi àjọ ṣe fàájì. Nígbà tó kan àǹtí mi, ẹni tí kì í ṣe ìbátan mi rárá àmọ́ tó gbà mí sílé nígbà tí mo dé tí n kò mọ ọ̀tún mọ òsì, ó ní òun kò ní fi kọ́bọ̀ ránṣẹ́ lọ́tẹ̀ yìí. "Láti 1974 ni mo ti ń kọ́ ilé kan ní Ìjẹ̀bú-Òde," ló wí. "Ó ti jẹ mí tán, kò sì tíì ní fèrèsé. Kó lọ sinmi lọ́dún yìí, kí èmi náà sinmi." Mo pè é ní àwàdà. Kò pẹ́ ló mú ìwé pẹlẹbẹ kan bọ̀ láti ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ta ìrìn-àjò, àwòrán òkun wà lẹ́yìn rẹ̀, ó ní kí n lọ wá físà mi.

Sorrento la dé sí, ìlú kékeré kan tó wà lórí òkè àpáta létí òkun, tí èèyàn lè máa wo Naples àti òkè Vesuvius ní òdìkejì omi láti ibẹ̀. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti sọ ibẹ̀ di tiwọn tipẹ́. Tíì oníwàrà wà, bíà wọn wà, ìwé ìròyìn wọn ń dé lọ́sàn-án ọjọ́ tó jáde. Àgbàlagbà ló pọ̀ jù nínú wọn, wọ́n á na ara wọn sílẹ̀ nínú oòrùn títí wọ́n á fi pọ́n. Àwa méjì nìkan la dúdú nínú òtẹ́ẹ̀lì wa.

Kí n tó dé orí ìrìn-àjò, ẹ jẹ́ kí n sọ ti bọ́ọ̀lù, nítorí láìsí i, ọjọ́ náà kò lè yé ẹnikẹ́ni. Ítálì ló gbàlejò Ife-Ẹ̀yẹ Àgbáyé lọ́dún yẹn, Nàìjíríà kò sì sí níbẹ̀. Kamẹrúùnù ló já wa sọnù ní Yaoundé ní oṣù Kẹjọ ọdún 1989, oṣù kan náà tí Samuel Okwaraji ṣubú lórí pápá l'Ékòó tí kò dìde mọ́. Kamẹrúùnù yìí kan náà ló gba ife ilẹ̀ Áfíríkà mọ́ wa lọ́wọ́ ní 1984, tó tún gbà á mọ́ wa lọ́wọ́ ní 1988. Bí ẹnìkan bá sọ fún àǹtí mi nígbà náà pé yóò kúnlẹ̀ gbàdúrà fún Kamẹrúùnù, ì bá lé onítọ̀hún jáde nílé. Àmọ́ wọ́n na Ajẹntínà, tòun ti Maradona, lọ́jọ́ tí ìdíje bẹ̀rẹ̀ gan-an. Roger Milla, ẹni ọdún 38, ń ti orí bẹ́ǹṣì wọlé, ó ń gbá góòlù, ó ń lọ jó nídìí àsíá igun pápá. Ìjà ilé parí. Ọmọ wa ni gbogbo wọn.

Alẹ́ ọjọ́ kìíní oṣù Keje ni Kamẹrúùnù pàdé Íńgílándì ní pápá San Paolo ní Naples, ibi tí ọkọ̀ ojú irin ń gbé èèyàn dé láti Sorrento láàárín nǹkan bíi wákàtí kan. Inú gbọ̀ngàn òtẹ́ẹ̀lì la ti wò ó, gbogbo àga ló kún fún àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Platt kọ́kọ́ gbá tiwọn wọlé, ilé mì tìtì. Nígbà tí Kunde dá a padà pẹ̀lú pẹnáritì, tí Ekeke sì fi ìkejì lé e, ariwo tí mo gbọ́ kò wá láti orí àga kankan: ẹ̀yìn wa ló ti wá, láti ẹnu ọ̀nà kíṣìnnì, níbi tí àwọn agbáwo àti kúùkù ti kóra jọ pẹ̀lú épúrọ́ọ̀nù lọ́rùn wọn, tí wọ́n ń pariwo Kamẹrúùnù bí ẹni pé Yaoundé ni wọ́n bí wọn sí. Ìṣẹ́jú méje ló kù nígbà tí wọ́n fún Lineker ní pẹnáritì. Wọ́n tún fún un ní òmíràn nínú àfikún àkókò. Mẹ́ta sí méjì. Àǹtí mi dìde, ó kí àwọn tó wà nítòsí rẹ̀ kú oríire pẹ̀lú Gẹ̀ẹ́sì tó mọ́ kedere, ó gun òkè lọ. Inú yàrá ló ti wá tú u jáde: "Pẹnáritì méjì! Ṣé wọ́n ń tà á lọ́jà ni?"

A ti sanwó ìrìn-àjò etí òkun fún ọjọ́ kejì ná. Bọ́ọ̀sì ńlá kan, amọ̀nà kan, Positano, Amalfi, Ravello, ká sì padà délé kí ilẹ̀ tó ṣú. Àǹtí mi kò fẹ́ lọ mọ́. Ó ní òun kò lè jókòó láàárín Gẹ̀ẹ́sì tó ń yọ̀ látàárọ̀ dalẹ́. Mo ní, "Ẹ̀yin náà lẹ sanwó rẹ̀ o, wọn kì í sì í dá a padà." Ọ̀rọ̀ owó ló gbé e dìde.

Amọ̀nà wa jẹ́ obìnrin ọmọ Sorrento tó ti lé ní àádọ́ta ọdún, ó gbé agbòjò aláwọ̀ yẹ́lò kan dání láìṣí i, ká lè máa rí i níbikíbi tó bá wà. Ó kà wá bí wọ́n ṣe ń ka ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi. Dẹ́rẹ́bà ni n kò lè gbàgbé. Ó ti lẹ àwòrán méjì mọ́ iwájú sítíárìn rẹ̀, Màríà Wúńdíá lápá òsì, Maradona lápá ọ̀tún, ìwọ̀n kan náà ni àwọn méjèèjì. Napoli ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ife líìgì ní òpin oṣù Kẹrin ni, àsíá búlúù ṣì ń fẹ́ lójú fèrèsé kiri. Bí ọkùnrin náà ṣe rí àǹtí mi lẹ́sẹ̀ àtẹ̀gùn ọkọ̀, ó fi sítíárìn sílẹ̀, ó dìde, ó gbé ọwọ́ kan sókè, ó fi èkejì di ìdí mú, ó jó ijó Milla níwájú gbogbo èrò. "Camerun!" ló ń wí, "Camerun!" Àwọn Gẹ̀ẹ́sì bú sẹ́rìn-ín. Àǹtí mi tó ti di ojú láti àná kò mọ ìgbà tí ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Ó fẹ́ ṣàlàyé fún un pé a kì í ṣe ará Kamẹrúùnù, mo fọwọ́ tọ́ ọ. Ọkùnrin náà gbé báàgì rẹ̀ kúrò lórí ìjókòó iwájú lápá ọ̀tún, ó ní ibẹ̀ ni kí ìyá jókòó. Bí a ṣe rí ìjókòó tó dára jù nínú ọkọ̀ náà nìyẹn, ọlá Milla.

Ọ̀nà tó ń lọ láti ẹ̀yìn Sorrento dé Amalfi kò fẹ̀. Wọ́n gbẹ́ ẹ sára àpáta ni, òkè lápá kan, ọ̀gbun àti òkun lápá kejì. Amọ̀nà ní ayé ọba Ferdinand Kejì ti Naples ni wọ́n là á. Kó tó di ìgbà náà, ẹni tí kò bá ní ọkọ̀ ojú omi, ìbaaka ló ń gùn kọjá òkè. Ìbaaka méjì ni wọ́n sì ní lọ́kàn nígbà tí wọ́n ń wọn ìbú rẹ̀, ẹnikẹ́ni tó bá ti gùn ún mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ní kọ́nà kọ̀ọ̀kan, dẹ́rẹ́bà á fọn fèrè ọkọ̀ gùn, á dákẹ́, á tẹ́tí bóyá ẹlòmíràn ń dáhùn lódìkejì. Lẹ́yìn Positano, ẹnìkan dáhùn. Bọ́ọ̀sì búlúù tí àwọn ará àdúgbò ń wọ̀ ló yọ sí wa, ó kún dẹ́nu. Àwọn dẹ́rẹ́bà méjèèjì kò bínú. Tiwa rìn sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀ títí ìdí ọkọ̀ fi fẹ́ẹ̀ kan ògiri kékeré tó wà létí ọ̀gbun. Wọ́n ká dígí ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ wọlé. Tiwa na ọwọ́ jáde lójú fèrèsé, ó fi àtẹ́lẹwọ́ lé ara bọ́ọ̀sì kejì bó ṣe ń kọjá, bí ìka rẹ̀ bá ti fẹ́ há, a fi ìka méjì gbá a, ti ọ̀hún a dúró. Wọ́n ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ lọ ní gbogbo ìgbà náà. Orúkọ Maradona nìkan ni mo gbọ́ nínú rẹ̀. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti dijú. Àǹtí mi ti dé ìdajì Orin Dáfídì kan. Amọ̀nà kò sì dá ọ̀rọ̀ ọba Ferdinand dúró rárá.

Kí a tó dé Positano, níbi tí ọkọ̀ ti kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀ sí etí òkun ni wọ́n ti fi àwọn erékùṣù Li Galli hàn wá, mẹ́ta kékeré tó dá wà lójú omi. Ibẹ̀, wọ́n ní, ni àwọn obìnrin inú ìtàn àwọn Gíríìkì ti ń fi orin fa atukọ̀ lọ sínú ikú. "Mámíwọtà," ni àǹtí mi wí, ó sì kọrí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kejì. Kò fẹ́ kí wọ́n ṣàlàyé jù bẹ́ẹ̀ lọ. Rudolf Nureyev, oníjó ará Rọ́ṣíà nì, ló ṣẹ̀ṣẹ̀ ra erékùṣù náà lákòókò yẹn. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ya fọ́tò rẹ̀ bí ẹni pé wọ́n á rí i níbi tó ti ń na aṣọ.

Àwọn ilé ìṣọ́ olókùúta tó wà lórí gbogbo orí àpáta tó yọ sínú òkun ló mú mi lọ́kàn jù wọ́n lọ. Amọ̀nà sọ ìtàn wọn pẹ̀lú ohùn mìíràn, torí ìtàn ìlú rẹ̀ ni. Ní 1558, ọkọ̀ ogun àwọn Tọ́ọ̀kì àti àwọn ajalèlókun tó ń bá wọn rìn dé sí Sorrento lóru, wọ́n kó ọkùnrin, obìnrin àti ọmọdé lọ sóko ẹrú. Ẹ̀yìn ìyẹn ni wọ́n to ilé ìṣọ́ sétí òkun, kí ẹni tó bá ríran jìnnà lè tanná fún ẹni tó tẹ̀ lé e. Ọ̀pọ̀ ẹni tí wọ́n kó nírú àkókò yẹn, èbúté Àríwá Áfíríkà ni wọ́n ń tà wọ́n sí. Àǹtí mi yíjú sí mi. "Nítorí náà, wọ́n kó àwọn náà rí." Kò sọ ọ́ bí ẹni tó ń yọ̀. Ó wo ilé ìṣọ́ náà títí a fi kọjá rẹ̀. Èmi náà kò tíì gbọ́ ọ rí títí di ọjọ́ yẹn. Ní ilé-ìwé tiwa, apá kan ṣoṣo ni wọ́n fi ọ̀rọ̀ ẹrú kọ́ wa.

Positano. Ilé funfun, ilé pupa rẹ́súrẹ́sú, ilé yẹ́lò, wọ́n tò lérí ara wọn bí abọ́ ọjọ́ ìnáwó láti orí òkè dé etí omi. Bọ́ọ̀sì ńlá kì í wọbẹ̀. Òkè ni wọ́n já wa sí, àtẹ̀gùn la fi sọ̀ kalẹ̀, àtẹ̀gùn àti àtẹ̀gùn. Ìlú yìí táláká rí débi pé ọ̀pọ̀ ọmọ rẹ̀ ló bá ọkọ̀ lọ sí Amẹ́ríkà ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, tí ilé dá páropáro. Onkọ̀wé ará Amẹ́ríkà, John Steinbeck, ló wá kọ nípa rẹ̀ ní 1953, àwọn olówó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá. Nínú ìjọ tó wà nísàlẹ̀, tí òrùlé rẹ̀ rìbìtì tó sì ń dán yẹ́lò àti àwọ̀ ewé, àwòrán Màríà kan wà lórí pẹpẹ, ojú rẹ̀ dúdú, ojú ọmọ ọwọ́ rẹ̀ dúdú. Wọ́n ní orí omi ló ti wá, pé nígbà tí ìjì gbé ọkọ̀ tó gbé e, ó ní kí wọ́n sọ òun kalẹ̀ níbẹ̀. Àǹtí mi, ọmọ ìjọ Áńgílíkà pọ́nńbélé tí kì í bá ère ṣe, dúró níwájú rẹ̀ pẹ́ ju bí mo ṣe rò lọ.

Etí òkun la ti pàdé arákùnrin náà. Amọ̀nà ti kìlọ̀ nínú ọkọ̀ pé ká má dá àwọn tó ń kiri ọjà létí òkun lóhùn. Ọ̀dọ́mọkùnrin ará Senegal ni, gíga, bẹ́líìtì aláwọ jọ lé apá rẹ̀ òsì, ó gbé pátákó tí wọ́n to awò ojú sí dání ní ọ̀tún. Ó rí wa, ó dúró. Kò polówó ọjà. "Mama," ló pe àǹtí mi, "Milla," ó sì mi orí. Àǹtí mi náà mi orí. Bí ẹni tó wá kíni kú ọ̀fọ̀ ni wọ́n ṣe bá ara wọn jókòó sórí ìtì ọkọ̀ ojú omi kan.

Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ kò pọ̀, àmọ́ ó tó. Ó ní ní ọdún tó kọjá, tòmátì lòun ń ká ní Villa Literno, ní pẹ̀tẹ́lẹ̀ àríwá Naples, ibi tí àwọn ọmọ Áfíríkà ti ń ṣiṣẹ́ nínú oòrùn oṣù Kẹjọ fún owó táṣẹ́rẹ́, tí wọ́n ń sùn nínú ilé àkọ̀tì. Ibẹ̀ ni àwọn olè ti wọlé tọ̀ wọ́n lóru ní 1989, tí wọ́n yìnbọn pa Jerry Masslo. Ọmọ South Africa ni, ìjọba àwọn aláwọ̀ funfun ìlú rẹ̀ ló sá fún. Ikú rẹ̀ ló dá ilẹ̀ Ítálì rú, tí ogunlọ́gọ̀ fi tú jáde ní Róòmù, tí wọ́n fi ṣe òfin tuntun ní oṣù Kejì 1990, èyí tí wọ́n ń fi orúkọ igbákejì olórí ìjọba wọn, Claudio Martelli, pè. Ẹni tó bá ti wà nílùú kó tó di 1990 lè lọ forúkọ sílẹ̀, kó gba ìwé. Òpin oṣù Kẹfà ni àyè náà sì tì, ìyẹn ọjọ́ díẹ̀ ṣáájú ìgbà tí a pàdé. Ó ki ọwọ́ bọ àpò àyà rẹ̀, ó fa ọ̀rá kan jáde, ó tú u, ọ̀rá mìíràn wà nínú rẹ̀. Nínú ìyẹn ni ìwé pélébé tí wọ́n lu òǹtẹ̀ lé wà, wọ́n ká a sí mẹ́rin, etí rẹ̀ kò tíì wó. Kò fi lé wa lọ́wọ́. Ó gbé e dání ká lè kà á. Ó ní bí káàdì náà gan-an bá ti jáde, Brescia lòun ń lọ, níbi tí ẹ̀gbọ́n òun ti ń ṣiṣẹ́ ní fákítírì, òun kò ní kiri mọ́.

Àǹtí mi ra bẹ́líìtì. Ọmọ Ìjẹ̀bú ni o, ẹni tó máa ń ná ọjà ní ṣọ́ọ̀bù Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ti lẹ iye mọ́ ọn lára. Iye tí arákùnrin náà pè ló san. Bí ó ṣe ń ka lírà lọ́wọ́, ọlọ́pàá ìlú méjì yọ lórí àtẹ̀gùn, nígbà tí mo sì máa fi wo ẹ̀gbẹ́ wa padà, kò sí bẹ́líìtì, kò sí awò, kò sí ẹnìkan. Ìyá Gẹ̀ẹ́sì kan tí a jọ wọ bọ́ọ̀sì, èèyàn jẹ́jẹ́ ni, bi wá pé ṣé ará ilé wa ni. "Bẹ́ẹ̀ ni," ni àǹtí mi dáhùn, kò sì fi nǹkan kan kún un.

Mo ti rò ó lọ́pọ̀ ìgbà láti ọjọ́ náà. Ohun tó wà láàárín àwa àti ọmọkùnrin yẹn kò ju ojú ìwé kan nínú ìwé ìrìnnà lọ. Àwa ní físà, ó di pé dẹ́rẹ́bà ń jó fún wa. Òun kò ní, ọlọ́pàá ń lé e. Òkun kan náà ni gbogbo wa ń wò.

Ọ̀sán gangan la dé Amalfi. Ìlú tí kò tó àdúgbò kan ní Mushin, ó sì ti jẹ́ ìjọba olómìnira nígbà kan rí, tí ọkọ̀ rẹ̀ ń ná ọjà dé Alẹkisáńdíríà àti Kọnsitantinópù. Ìlẹ̀kùn idẹ ìjọ ńlá wọn, Kọnsitantinópù ni wọ́n ti rọ ọ́ ní nǹkan bí 1060. Wọ́n ní egungun Áńdérù Mímọ́ wà nísàlẹ̀ rẹ̀, pé 1208 ni wọ́n gbé e dé. Ní 1343, ìjì òkun kó apá ìsàlẹ̀ ìlú lọ, wọn kò sì bọ̀ sípò ńlá yẹn mọ́. Létí omi, ère Flavio Gioia wà, ẹni tí wọ́n ní ó ṣe kọ́ńpáàsì àwọn atukọ̀, amọ̀nà sì fúnra rẹ̀ sọ pé àwọn onímọ̀ ìtàn gbà pé kò sí ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ rí. Àǹtí mi ní irú rẹ̀ wà nílé dáadáa, ẹni tí kò ṣe nǹkan kan tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sọ òpópónà.

Àmọ́ nígbà tí amọ̀nà na agbòjò rẹ̀ sí àgbélébùú onígun mẹ́jọ tó wà lára àsíá ìlú, àwa méjèèjì la jọ dákẹ́. A mọ àgbélébùú yẹn. Ara aṣọ àwọn St John Ambulance ní Íńgílándì ló wà, àwọn tó máa ń dúró pẹ̀lú àpótí oògùn níbi ìwọ́jọpọ̀, tí wọ́n ti gbé aláìsàn wá bá wa ní wọ́ọ̀dù lọ́pọ̀ ìgbà. Àwọn oníṣòwò Amalfi, ló wí, ni wọ́n dá ilé ìtọ́jú aláìsàn kan sílẹ̀ ní Jerúsálẹ́mù ní ọ̀rúndún kọkànlá, fún àwọn arìnrìn-àjò mímọ́. Ara rẹ̀ ni ẹgbẹ́ àwọn Jòhánù Mímọ́ ti jáde, tó fi dé Malta, tó fi dé Lọ́ńdọ̀n. Àǹtí mi nawọ́ sókè bí ọmọ ilé-ìwé. Ó fẹ́ mọ ẹni tó ń sanwó àwọn tó ń tọ́jú aláìsàn níbẹ̀. Amọ̀nà rẹ́rìn-ín, kò ní ìdáhùn. "Wọn kò kúkú sanwó fún wọn nígbà náà pẹ̀lú," ni àǹtí mi wí fún mi ní Yorùbá. Ọdún yẹn gan-an la ń jà fún ìpele owó oṣù tuntun tí wọ́n tò wá sí, ẹ má bi mí nípa rẹ̀.

Oúnjẹ ọ̀sán, ẹja wẹ́wẹ́ díndín àti pasítà. Pọ́n-ùn kan ju ẹgbẹ̀rún méjì lírà lọ nígbà náà, nítorí náà nígbà tí wọ́n gbé ìwé owó dé, iye orí rẹ̀ tó ohun tí wọ́n ń fi ra mọ́tò. "A ti di mílíọ́nìà," ni àǹtí mi ń wí bó ti ń ka owó sílẹ̀, "àfi ká má padà sí Lọ́ńdọ̀n."

Lójú ọ̀nà Ravello la ti yà síbi tí wọ́n ń gbin lẹ́mọ́ọ̀nù. Òkè náà dúró ṣánṣán, nítorí náà wọ́n fi òkúta lásán ṣe ògiri, wọ́n da iyẹ̀pẹ̀ sẹ́yìn rẹ̀, wọ́n gbin igi márùn-ún tàbí mẹ́fà, wọ́n tún mọ ògiri mìíràn lókè rẹ̀, bẹ́ẹ̀ títí dé ọ̀run. Orí igi ni wọ́n ń na àwọ̀n dúdú bò wọ́n nígbà òtútù. Obìnrin tó ni oko gé lẹ́mọ́ọ̀nù kan sí pélébé-pélébé, tòun ti ara funfun nínípọn tó wà lábẹ́ èèpo, ó wọ́n ṣúgà sí i, ó ní ká jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó dùn, mi ò purọ́, ara funfun náà kò korò. Ó wá fi àtẹ̀gùn olókùúta hàn wá, èyí tí kò gba ju ẹsẹ̀ kan lọ. Láyé ìyá rẹ̀, ló wí, obìnrin ló ń fi èjìká ru agbọ̀n lẹ́mọ́ọ̀nù láti orí òkè dé inú ọkọ̀ ojú omi, lọ, bọ̀, títí ilẹ̀ fi máa ṣú. Àǹtí mi wo àtẹ̀gùn náà láti òkè délẹ̀. Ìyá tirẹ̀ ti ṣe aláàárù l'ọ́jà Òkè-Àjẹ rí. Ó bọ ìyá olóko lọ́wọ́ gírígírí, wọ́n ń bá ara wọn rẹ́rìn-ín láìgbọ́ èdè ara wọn.

Ti Ravello kò pọ̀ lẹ́nu mi. Ó ga, ó tutù, ọgbà Villa Rufolo dára, Richard Wagner dé ibẹ̀ ní 1880 tó ní òun ti rí ọgbà tí òun ń wá fún eré olórin òun, wọ́n sì ń ṣe àjọ̀dún orin níbẹ̀ láti 1953. Àǹtí mi sùn lórí bẹ́ǹṣì.

A kò gba ojú ọ̀nà etí òkun padà, torí wọn kì í jẹ́ kí bọ́ọ̀sì ńlá pàdé bọ́ọ̀sì ńlá níbẹ̀ bí wọ́n bá lè yẹra fún un. Òkè la gbà, lójú ọ̀nà Chiunzi. Níbẹ̀ ni baba Gẹ̀ẹ́sì kan tí kò tíì sọ ọ̀rọ̀ kan láti àárọ̀ ní kí dẹ́rẹ́bà jọ̀wọ́ dúró. Òun wà lára àwọn tó gúnlẹ̀ sí Salerno ní oṣù Kẹsàn-án 1943, orí òkè wọ̀nyí ni wọ́n sì ti ń dáàbò bo ọ̀nà tó lọ sí Naples lọ́wọ́ àwọn ará Jámánì. Ó dúró létí ọ̀nà, ó na ìka sí ibi tí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ wà. Àǹtí mi lọ bá a. Ó sọ fún un pé àbúrò bàbá òun lọ sógun Bọ́mà, pé kò bọ̀. Baba náà ṣí fìlà. Láti ibẹ̀ dé Sorrento, àwọn méjèèjì ló jókòó síwájú, èmi ni mo lọ sẹ́yìn.

Lọ́jọ́ kejì, ìyẹn ọjọ́ kẹta oṣù Keje, Ítálì pàdé Ajẹntínà ní Naples. Maradona ti ń bẹ àwọn ará Naples pé kí wọ́n ti òun lẹ́yìn, pé àwọn ará àríwá kò fìgbà kan kà wọ́n sí ọmọ Ítálì. Àǹtí mi ti bi dẹ́rẹ́bà wa nínú ọkọ̀ pé ta ni yóò tì lẹ́yìn. Ọkùnrin náà gbé ọwọ́ méjèèjì sókè kúrò lórí sítíárìn, ní kọ́nà, gbogbo ọkọ̀ sì figbe ta. Ajẹntínà ló gbégbá orókè, pẹnáritì ni wọ́n fi nà wọ́n. Àwọn agbáwo òtẹ́ẹ̀lì wa kò sọ̀rọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ tó tẹ̀ lé e, àǹtí mi ló ń kí wọn pẹ̀lẹ́.

Àwọn ọmọ mi máa ń fi bọ́ọ̀sì àti amọ̀nà ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n ní ìrìn-àjò arúgbó ni, pé fóònù lè fi ọ̀nà han èèyàn. Fóònù kò lè jó ijó Milla lẹ́nu ọ̀nà ọkọ̀. Ẹni tó ní ọ̀sẹ̀ kan ìsinmi lọ́dún, tí kò mọ ọkọ̀ wà, tí kò gbọ́ èdè, kí ló tún fẹ́ gùn? Owó ìjókòó kan la san, a sì fi bá ará Senegal, ìyá olóko lẹ́mọ́ọ̀nù àti jagunjagun Salerno pàdé, èyí tí kò sí nínú ìwé pẹlẹbẹ wọn.

Lírà kú ní 2002. Àjọ UNESCO ti fi etí òkun Amalfi sínú ogún àgbáyé láti 1997. Orúkọ Maradona ni pápá San Paolo ń jẹ́ láti oṣù Kejìlá 2020. Ọ̀nà náà kò sì fẹ̀ sí i. Láti 2022 ni wọ́n ti ń fi nọ́ńbà ọkọ̀ pín ọjọ́ fún àwọn ọkọ̀ àdáni nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tí èrò bá pọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ lọ, kó má lọ ní oṣù Kẹjọ, kó gba bọ́ọ̀sì, kó sì tètè wọlé láti gba ìjókòó lápá ọ̀tún bó bá ń ti Sorrento bọ̀. Ẹni tó bá jókòó sápá òsì, àpáta ni yóò máa wò títí dé Amalfi.